Orí Àpáta ni Ọ́fíìsì Wà

Ọ̀gá Ṣówándé gbé rẹ́jísítà lé mi lọ́wọ́ lọ́dún tí mo wọṣẹ́,
ìwé ńlá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí òjò Adátán ti rin gbingbin.
Ó ní, "Ohun tó bá wà níbí ni òótọ́.
Tonílé, ẹnu lásán ni."
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi há òótọ́ náà sábíyá,
òógùn sì bò ó.

Lónìí, fóònù pẹlẹbẹ kan ló wà lápò mi,
wọ́n fi rọ́bà dúdú wé e létí bí ọmọ tí òtútù ń mú.
Wọ́n ní gbogbo ilé iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀:
ta ló san, ta ló jẹ gbèsè, mítà wo ló dákẹ́,
páìpù wo ló gba abẹ́ yàrá ta.
Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé e wá bá mi.
Wọn ò sọ fún afẹ́fẹ́ pé Ẹ̀gbá ló ń bọ̀.

A ò kúkú fi orúkọ ìlú yìí ṣàwàdà.
Abẹ́ òkúta la wà.
Ní Pánṣẹ́kẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀ débi o lè fi tọrẹ,
ṣùgbọ́n yà sí kọ̀rọ̀ Ìkìjà, láàárín òkúta méjì tí wọ́n kọ́lé há,
àmì á máa já, ọ̀kan, ọ̀kan, bí eyín arúgbó.

Ibẹ̀ ni ìyá Mopélọ́lá ń gbé.
Wọ́n ní kí n gé omi rẹ̀.
Sípánà ti wà lọ́wọ́ mi.
Ó ní, "Mo san án láàárọ̀ yìí, ní Kútọ̀,
ọmọ tó gbà á ò tilẹ̀ wojú mi."
Rìsíìtì ńkọ́? Ó tú ìdí ìró rẹ̀. Ó gbọn àpò.
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ti pè lópùrọ́ rí.

Láyé rẹ́jísítà, ǹ bá ti gé e.
Mo bọ́ bàtà. Mo gun àpáta ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn,
ewúrẹ́ kan yà fún mi, kò tètè yà,
mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ tó mọ ìdáhùn tí tíṣà ò pè.
Àmì kan. Ó kú. Àmì kan.
Òbírí kékeré ń yí, ó ń yí,
ó wá yọ: ó ti san,
aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.
Mo kígbe rẹ̀ sísàlẹ̀.
Kò dúpẹ́. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún ọ."

Mo ṣì wà lókè tí fóònù fi gbọ̀n.
Ọ́fíìsì ni: kí ni mò ń ṣe lójú kan láti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún?
Afẹ́fẹ́ tó gbé òótọ́ rẹ̀ wá
ló gbé tèmi lọ.

Ó ti ṣí ẹ̀rọ omi kí n lè rí i.
Ẹ̀rọ wúkọ́. Ó pòṣé. Ó tán.
Ojú fóònù kọ ọ́ ní àwọ̀ ewé: omi ń ṣàn déédéé.
Mo wá bọ́tìnnì tí a fi ń já ilé iṣẹ́ nírọ́.
Kò sí.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo bi í pé kànga wo ló ṣì lómi.
Ó mú garawa méjì,
ó na ọ̀kan sí mi.