Fìlà Nolberto

Yàrá mi kò ju ẹsẹ̀ mẹ́jọ lọ, lẹ́yìn ilé màmá mi,
ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
tí afẹ́fẹ́ ń gbá páànù òrùlé bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Nolberto wọlé, ó jókòó sí etí àga.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sanwó; ojú ń tì í.
Ogójì ọdún ló ti ń rẹ́ irun àgùntàn,
ojú rẹ̀ sì ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀dá.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́:
awọ òkè, awọ ìsàlẹ̀, omi tó ń sá kúrò lára.
Ó ń mi orí, hẹn, hẹn,
bí a ṣe ń mi orí fún àlùfáà tó ń fi èdè Látìn gbàdúrà.
Mo pa ìwé dé.

"Nolberto, bí mo bá ri irun àgùntàn sínú omi híhó,
tí mo fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́ láàárọ̀, fọ̀ ọ́ lálẹ́ ńkọ́?"
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde. "O ti bà á jẹ́ nìyẹn!
Òróró ara rẹ̀ á lọ, á súnkì, á máa yúnni.
Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, ọmọ mi. Rọra."
"Kí ni ìwọ fi ń fọ ojú?"
Ó wo ilẹ̀ pẹ́.
"Ọṣẹ tí a fi ń fọ ṣòkòtò."

"Oòrùn ńkọ́?"
"Oòrùn wo? Èyí tí kò lè mú ìbọ̀sẹ̀ gbẹ?"
Mo fà á dé ojú fèrèsé, mo fi páànù Doña Zunilda hàn án:
ọ̀dà pupa ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àríwá ti ń bó.
"Ta ló jó o? Ṣé iná dé ibẹ̀ ni?
Oòrùn tó tutù kì í pariwo kó tó jóni.
Ìpara yìí, gígùn ìka méjì,
kí o tó jáde. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tún un kùn."

Ìgbà náà ló tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú mi.
Mo fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ọmọ tuntun!
Ogójì ọdún òróró àgùntàn, láìfowó rà.
"Ọwọ́ mi rí oògùn, kò sọ fún ojú," ó ní,
a rẹ́rìn-ín títí màmá mi fi kan ilẹ̀kùn.

Bó ti jáde, afẹ́fẹ́ já fìlà gbà lórí rẹ̀,
ó ń yí i lọ sọ́nà òkun.
Ó wo fìlà, ó wo ike ìpara,
ó di ike mú ṣinṣin.
Mo ké láti ẹnu ọ̀nà: "Sáré tẹ̀ lé e!
Fìlà náà wà lára oògùn!"