Lẹ́tà sí Olóòtú, láti Ṣágámù

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi náà ni.
Àròkọ mẹ́ta ni mo ti fi ránṣẹ́,
ẹyọ kan lẹ fèsì sí: "A ó wò ó ná."
Mo tún dé.

Lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́,
wọ́n lẹ bébà mọ́gi: À ń wá ọ̀dọ́,
kó má ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ,
kó ti ní ìrírí ọdún mẹ́wàá.
Ọmọ wo ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nílé ìgbẹ̀bí?

Mo fẹ́ kọ nípa Ṣẹ̀gilọlá Ọ̀dúsànyà, adití,
tí ìka rẹ̀ ń ṣírò owó kí ẹ̀rọ tó tanná;
nípa Sanúsí, ọmọ Sábó,
tó ń fi èdè mẹ́ta ṣàkọsílẹ̀ apẹ̀rẹ̀ obì bàbá rẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀.
"Ta ló rán yín wá?" ni wọ́n ń bi wọ́n.

Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni màá parí.
Owó? Ohun tẹ́ ẹ bá ní...
rárá, mo pa ìyẹn rẹ́. Ẹ sanwó mi pé.

Èmi náà dúró lẹ́nu géètì yẹn rí,
eruku sìmẹ́ǹtì lójú;
ìwé-ẹ̀rí mi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.
Ẹ má tẹ ìyẹn jáde.