Fóònù Ìyá Sàúdátù

Kí wọ́n tó pe ìrun àílà, ó ti kú.
Ìyá Sàúdátù ra bátìrì tuntun l'Ọ́fà,
ó dín ìmọ́lẹ̀ títí ó fi ń táràrà wá nọ́ńbà.
Òfo.

Rájí tú u, ó fẹ́ eruku.
"Bátìrì ò jalè. Ibo lẹ ń gbé e sí?"
"Abẹ́ ìrọ̀rí, l'Ókè-Onígbìn."
"Ẹ̀n-ẹ́n! Nẹ́tíwọọ̀kì ò débẹ̀. Gbogbo òru ló fi ń ké:
ẹ ń gbọ́ mi bí? Ẹ ń gbọ́?
Ẹni bá ń ké bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́?"

Ìyá ò fèsì.
Ọdún kẹta rèé tí Sàúdátù wọ Líbíà.
Ó délé, ó so fóònù mọ́ fèrèsé ojú títì,
ó gbé àga tirẹ̀ náà síbẹ̀.