Ọwọ́ Àpò

Òjò òwúrọ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró rajà ní Kútọ̀.
Mo fi ọ̀rá bo àpò mẹ́fà tí mo gbé wá,
mo jókòó tì wọ́n bí ọlọ́mọ tuntun.
Ìko tútù máa ń rùn bí etí odò,
mo mọ òórùn náà:
etí odò Ògùn ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́yìn Láfẹ́nwá,
lọ́wọ́ ìyá bàbá mi, Ẹfúnbọ̀wálé,
tó hun ẹní títí ojú rẹ̀ fi ṣú, tí kò ta ọ̀kan rí.
Ẹni tó bímọ gba ọ̀kan,
ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gba ọ̀kan,
owó kò wọ ọ̀rọ̀ náà.

Èmi ni mo ká ẹní sí méjì,
tí mo rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí mo fi síìpù sí i lẹ́nu,
tí mo so ọwọ́ aláwọ mọ́ ọn,
lọ́dún tí wọ́n ti ilé ìtẹ̀wé wa ní Ìbarà pa
pẹ̀lú owó oṣù mẹ́ta wa nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo ta àkọ́kọ́.
Mo ti ṣírò ìko, mo ti ṣírò síìpù,
mo ṣírò òwú títí kan èyí tó já,
mo ṣírò owó ọ̀kadà láti Àdátán.
Èrè irínwó! Mo fi ra àkàrà, ó tán lọ́nà.
Káfíńtà iwájú ilé wa, Bàbá Ṣógbàmú, bi mí pé,
"Ọjọ́ mélòó lo fi hun ún?"
Mẹ́rin.
"Ta ló san owó ọjọ́ mẹ́rin náà fún ọ?"
Mo wo ìka mi. Ìko ti ya mẹ́ta nínú wọn.
"Àpò yìí ní ọwọ́ méjì, àwé,
tìrẹ nìkan ni kò sí nínú owó rẹ̀."

Mojoyin ọmọ àǹtí mi gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́:
òun yóò máa gbé e kiri, òun yóò máa polówó mi.
Ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó kó irun àtọwọ́dá sí i.
Ilẹ̀kùn kò lẹ́nu.

Ní Ìtòkú, àdìrẹ kì í wá ẹni tí yóò mọ òun;
tèmi, àlàyé ni mo kọ́kọ́ ń tà.
Mo to àpò sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkìjà
kí oòrùn tó le, mo ya fọ́tò ogún,
mo sì ṣèèṣì fi èyí tí kò dáa ránṣẹ́ sórí Wasáàpù:
ewúrẹ́ aládùúgbò ń jẹ ọwọ́ àpò lọ bí ẹni jẹ gúgúrú.
Kí n tó pa á rẹ́, fóònù dún.
Tíṣà kan ni, láti Ṣàgámù, ẹ̀rín ń pa á:
"Èyí tí ewúrẹ́ yẹn fẹ́ràn, mo fẹ́ irú rẹ̀. Èló ni?"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti dé orí ahọ́n mi.
Mo wo ìka mi.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, mà."
Ó dákẹ́. Èèyàn ìbá rìn gba orí afárá Láfẹ́nwá já
nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.
"Ṣé ó ní aṣọ nínú?"
Ó ní, mà. Àǹkárá ni.
"Fi nọ́ńbà báǹkì rẹ ránṣẹ́."

Òjò ti rọra dá báyìí. Ìyá kan gbé ọ̀kan, ó fi í símú.
"Ẹní lásán mà lèyí. Gba ẹgbẹ̀rún méjì."
Ẹní ni, mà. Ẹ jókòó.
Mo fi ìdí rẹ̀ hàn án, ibi tí ìko méjì ti gba abẹ́ ara wọn.
Kò rà á.
Àmọ́ ó bèèrè pé, "Kí lorúkọ ọjà rẹ?"
N kò tí ì ronú kan ìyẹn.
Mo ya páálí, mo fi bírò kọ ọ́: Ẹfúnbọ̀wálé.
Mo dá ihò sí i, mo so ó mọ́ ọwọ́ àpò.
Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Mo fa ọ̀rá bò wọ́n,
mo fi orúkọ náà sílẹ̀ síta.