Àádọ́ta Ìṣẹ́jú

Aago méjì òru kọjá díẹ̀, ní Grimsby.
Òjò ń fi èékánná ha fèrèsé wọ́ọ̀dù,
atẹ́gùn òkun ń wá ihò tí yóò gbà wọlé.
Bẹ́ẹ̀dì kẹta: Ọ̀gbẹ́ni Thirkettle,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, apẹja nígbà kan.
Ikọ́ rẹ̀ dà bí ìkọ́
tó há ẹja lọ́nà ọ̀fun,
ó ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó tún ń fà á.

Mo ní, "Bàbá, ẹ gbójú sókè díẹ̀."
Igi tín-ín-rín, òwú lórí,
mo tì í bọ imú rẹ̀, mo yí i.
Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sín. Ó bú mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
ó ní òun ò ṣe ẹja kankan báyìí rí.
Ẹ̀rín pa mí nínú ìbòmú.

Ẹ̀rọ náà ò ju àpótí búrẹ́dì lọ.
Orí kẹ̀kẹ́ ló jókòó sí, nídìí bẹ́ẹ̀dì,
iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀
bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò tíì fẹ́ sọ.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débí,
ìsàlẹ̀ ilé là ń fi òwú yìí ránṣẹ́ sí.
Ọjọ́ kejì, ìgbà mìíràn ọjọ́ kẹta, lèsì ń gòkè bọ̀.
Ikọ́ á ti kí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin,
á ti kí èmi náà, á bá mi wọ bọ́ọ̀sì
lọ kí Mosúnmọ́lá ọmọ mi nílé.

Àádọ́ta ìṣẹ́jú. Mo pààrọ̀ omi ìgò méjì,
mo jẹ ìlàjì bísíkíìtì.
Ọ̀gbẹ́ni Pargeter ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ò sùn.
Káàdì wà lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì,
ayò tí wọ́n dá dúró kí ilẹ̀ tó mọ́;
Thirkettle jẹ ẹ́ ní pẹ́ńsì mọ́kànlá.

Ẹ̀rọ dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Fúlúù ni. Kì í ṣe èyí tí à ń bẹ̀rù jù,
ṣùgbọ́n ó tó gbé àgbàlagbà lọ.
Oògùn rẹ̀ wà. Kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́
dókítà ti fọwọ́ sí i.
Yàrá ẹlẹ́nìkan ṣófo ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo tú bíréèkì bẹ́ẹ̀dì. Táyà ké.
"Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?" ni Pargeter wí,
káàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Òfin ò jẹ́ kí n sọ àìsàn ẹnìkan fún ẹnìkejì.
Mo ní, "Kò jìnnà."

Nígbà tí mo padà, ó wo igi tuntun lọ́wọ́ mi,
ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.
Ó gbé káàdì dojú délẹ̀,
ó gbójú sókè fúnra rẹ̀.