Kẹ́yìn Wa Dára

"Kẹ́yìn wa dára," bẹ́ẹ̀ la máa ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Èmi a máa fi ọwọ́ di ìbàdí mú kí n tó ṣe àmín tèmi.
Ọlọ́run mọ èyí tí mo ń wí.

Ọdún mọ́kànlélógójì nídìí òfì ní Ògìdì.
Òwú ti di kíjìpá, kíjìpá ti di owó,
owó ti di ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ó ti di páànù lórí ilé.
Ẹ̀yìn nìkan ló kù tí n kò tíì san gbèsè rẹ̀,
ó sì ń wá sin owó rẹ̀ láràárọ̀.

Ibi tí mo ń so ìró mọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀,
a gba itan sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀
bí alágbàṣe tó mọ ojú ọ̀nà oko.
Mo ti fi òrí pa á. Mo ti fi róòbù pa á.
Dókítà ní kí n má máa jókòó pẹ́,
ó kọ oògùn, ó wo aago.
Má jókòó pẹ́! Ta ní í hun kíjìpá lórí ìrìn?

Ìpínmorọ̀tì ló pè láti Àbújá:
"Ìyá, ọkùnrin kan wà ní Kàbà tó ń to ọ̀pá ẹ̀yìn.
Ó kọ́ ọ níwèé ni o,
kì í ṣe bíi Bàbá Ọbáyọmí
tó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kó tó to tèèyàn."
Mo wọkọ̀. Kòtò ojú ọ̀nà yẹn!
Kí n tó dé Kàbà, mọ́tò ti kọ́kọ́ to egungun mi,
kò sì gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ère egungun kan dúró ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè ní kí n da ojú délẹ̀.
"Màmá, ẹ mí sínú. Ẹ mí síta."
Kó! Kó-kó!
bí ẹ̀pà tí wọ́n ń pa láàárín ìka.
Ẹ̀rù bà mí, mo pe Jésù.
Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́:
ọdún mọ́kànlá rèé tí a ti sin bàbá àwọn ọmọ,
ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kan ẹ̀yìn mi mọ́,
àfi ọwọ́ tèmi, tí kì í débẹ̀.
Omi bọ́ lójú mi sórí tìmùtìmù rẹ̀.
Ó rò pé ó dùn mí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fa omi fúnra mi.
Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ní, "Ẹ wo ìyàwó tuntun!"
Lọ́jọ́ kẹrin, ìrora wọlé láìkànlẹ̀kùn,
ó ní, "Ọ̀kun o, onílé."

Mo padà lọ bi ọkùnrin náà: ṣé ó ń sàn ni àbí kò sàn?
Kò purọ́ fún mi. Ó ní ara ẹlòmíràn a gbà á,
ti ẹlòmíràn, ọjọ́ díẹ̀ ni;
ó ní kí n gbé àpótí ìjókòó ga sí i,
kí n máa dìde rìn bí aṣọ bá ti gùn ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.
Ìyẹn nìkan, ó ní kí n má sanwó rẹ̀.

Ìpínmorọ̀tì bi mí lórí fóònù: "Ṣé ó ràn yín lọ́wọ́?"
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, rárá.
Mo ní, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Lálẹ́, mo tẹ́ ẹní síwájú ilé,
Témítáyọ̀ á gun orí ẹ̀yìn mi,
ẹ̀yìn tí mo fi pọn bàbá rẹ̀,
á máa rìn lọ, á máa rìn bọ̀, á fọwọ́ ti ògiri,
ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì òwúrọ̀.
"Ìyá àgbà, ṣé ó ti tó?"
Mo ní kò tíì tó.
Ó ti tó tipẹ́.