Ẹnu Tó Ń Fọn, Ẹnu Tó Ń Fà

Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu fèrè mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wà lórí ìṣó,
lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá mi.
N ò bá agbọ́n wí. Ilé tó ṣófo ló rí, ó wọ̀ ọ́.

Mo fi orín, tí n kò fi bẹ́ẹ̀ ní eyín fún mọ́, rọra tú u,
amọ̀ ń já bọ́ sórí ẹní bí iyẹ̀pẹ̀ sàréè.
Mo da kẹrosíìnì sí i, mo fi òwú nù ún.
Idẹ náà ò dán, ó kàn pọ́n díẹ̀
bí ojú ẹni tí wọ́n jí lóru.
Nínú bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti àárín kọ̀, kò lọ.
Mo ní, "Kò burú. Èmi náà, orúnkún kan kò tẹ̀ mọ́."

Nígbà tí mo wà ní fáńfáà àwọn ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́,
Ọ̀gá Sìpíríánù a máa fi ìka méjì tẹ̀ wá níkùn:
"Ibí ni fèrè wà, ẹ̀yin ọmọ yìí.
Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, páìpù lásán ni."
A fọn ún níbi ìsìnkú àwọn Àgùdà,
a fọn ún fún òṣèlú tó gbàgbé láti fún wa lómi.
Ìgbà tó yá, ọmọ dé, owó ilé dé,
mo gba Ìgólò lọ, mo lọ ń gbé ẹsáńsì.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fà á?
Ẹ ó ki rọ́bà bọ inú kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó fi ẹnu sí i,
ẹ ó fà á, epo á kan ahọ́n, ẹ ó tutọ́ kíá.
Ẹnu tó ń fọn ló di ẹnu tó ń fà.
Mo fa Nàìjíríà wọ Bẹ̀nẹ̀ ní lítà ní lítà
títí di alẹ́ ọjọ́ tí alùpùpù yọ̀ mọ́ mi nísàlẹ̀.
Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ fọ́n ká, iná ò ràn, mo dúpẹ́,
àmọ́ eyín iwájú mẹ́rin, n ò rí wọn ṣà.

Ọkùnrin kan ní Wàndó ló ṣe àtọwọ́dá fún mi,
ó funfun ju tèmi lọ, bí ohun tí mo yá.
Eyín lẹwà ẹ̀rín, lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ti fèrè.
Mo gbé idẹ sẹ́nu, mo fọn ún:
eyín kúrò níwájú, ó fẹ́ gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ.
Mo tún un fọn. Atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ jáde, fùùù.
Ràfátù láti yàrá kejì: "Ṣé táyà ló jò?"
Mo tún un fọn. Ohùn kan jáde wàyí,
ohùn òbúkọ tó ń bá ògiri jà.
Sàlìmọ́tù, ọmọ ọmọ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
N ò bínú. Ó pẹ́ tí mo ti pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín nílé yìí.

Lọ́sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn àsùbá, mo sọ̀ kalẹ̀ dé etí ọ̀sà.
Mo yọ eyín náà, mo sọ ọ́ sápò,
mo fi èrìgì lásán gbá idẹ mú.
Ó tutù. Ó dùn mí. Ó ń ta ẹsáńsì sí mi lẹ́nu,
àbí ẹnu mi ló ń ta á sí i, ta ló mọ̀?
Mo fi ìka méjì tẹ ikùn ara mi.
Ohùn kan ṣoṣo ló wá, kò ga, ó ń gbọ̀n,
ó rìn lórí omi lọ bá àwọn apẹja;
lékeléke kan gbé ọrùn sókè.
Kì í ṣe ohùn tí mo fi sílẹ̀. Ìyẹn ti bá eyín mi lọ,
ó wà nínú koríko lọ́nà Ìgólò.
Èyí, n ò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ọlọ́kadà sẹ́mìjàn kan yà sọ́dọ̀ mi.
"Baba, mo gbọ́ ìpè yín. Lítà méjì, ẹ jọ̀ọ́."
Mo ní n kì í tà á mọ́.
Ó wo fèrè, ó wo ẹnu mi tó ṣófo,
ó wá pa ẹ́ńjìnnì.
Bóyá ó fẹ́ gbọ́. Bóyá epo ló ń ṣọ́.
Mo gbé idẹ sẹ́nu.